Òórùn Tí Mo So Mọ́ Igi Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Igi kan ti wó lulẹ̀ nínú igbó mi, a ti ń gé ìdí èkejì, nígbà tí agégi pa ẹ́ńjìnnì ayùn rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá báyìí? Igi tí kò ní àrùn kankan lára lẹ ní ká máa wó yìí o. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ jẹ́ ká lọ sinmi." Mo ní kó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ní orí ò fọ́ mi, ohun tó há sí mi lẹ́nu láti ọdún tó kọjá ló ń dùn mí, òní ló sì máa jáde. Mo ti ránṣẹ́ pe alága ẹgbẹ́ àwa onígbó, mo ti ránṣẹ́ pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí igi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá dúró lásán dè wọ́n, n óò tún rí ọ̀rọ̀ dídùn kan fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn láàárín ìtì igi nìyí, bí mo ti sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí.

Èmi ni ẹgbẹ́ fi ṣe alámòójútó kòkòrò. Kòkòrò dúdú kékeré kan ni, tó bá pákó àpótí wọ̀lú láti òkè òkun. Abẹ́ èèpo igi ló ń gbé, ibi tí omi ń gbà gòkè ló ń jẹ, títí igi á fi gbẹ lórí ìdúró. Àlejò là ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣeré pé àlejò tó sùn, tó bímọ síni nílé, tó tún ń bèèrè pé kí la sè lónìí. Òfin ẹgbẹ́ le, ó sì dára: ẹni tó bá rí i nínú igbó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ lọ́jọ́ náà, kí a gé igi náà àti èyí tó yí i ká, kí a bó èèpo wọn, kí a sun èèpo náà. Ìdajì owó igi ni ẹgbẹ́ ń san padà. Ẹni tí kò bá bójú tó igbó rẹ̀ títí kòkòrò fi gbilẹ̀ níbẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ á sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi alámòójútó yìí ni mo kọ́kọ́ rí Àlejò, inú igbó tèmi ni mo sì ti rí i. Igi díẹ̀ ni. Ká ní mo gé wọn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n igi mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sanra ni. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀ sí i, wọn á tó là sí pákó. Bí mo bá gé wọn nígbà yẹn, igi ìdáná lásán ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ni igbó ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbìn ín kó tó kú. Àwọn igi náà ti gbó kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n tà wọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní ọjọ́ tí apá òun ò bá ká iṣẹ́ mọ́ ni wọn ó máa bọ́ òun. Èmi kórìíra ìfiṣòfò. Lójú tèmi, owó tó kàn dùbúlẹ̀ ni igbó yẹn. Mo wí nínú ara mi pé bí Àlejò bá máa jẹun dandan, kó lọ jẹ èyí tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Ẹ gbọ́ irú ọgbọ́n! Mo ń bá ẹni tí mo fẹ́ jà lólè ṣírò èrè.

Ọwọ́ mi ni páńpẹ́ ẹgbẹ́ wà. Inú páńpẹ́ kọ̀ọ̀kan là ń so àpò kékeré kan sí, tí òórùn rẹ̀ ń pe kòkòrò láti ọ̀nà jíjìn; bí wọ́n bá dé, wọ́n á já sínú ike omi tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á kú. Mo mú àpò náà, mo fi páńpẹ́ àti ike omi sílẹ̀ nílé. Mo gbé ohun tó ń pè wọ́n lọ, mo fi ohun tó ń pa wọ́n sílẹ̀. Mo lọ so ó mọ́ igi tó tóbi jù nínú igbó obìnrin yẹn, ní ọ̀sán gangan, ó sì bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, kí lẹ ń so mọ́ igi wa?" Mo ní, "Oògùn ni, ìyàwó wa. Ó ń lé Àlejò sá." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú mi. Bí ẹ ṣe wà yìí, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n yín ò kú ni." Ló bá tún bú sẹ́rìn-ín: "Àmọ́ oògùn yín ń rùn bí àkísà tí wọ́n fi nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn!

Ó ṣiṣẹ́. Kòkòrò ń ṣí kúrò lára igi mi bí èrò tó gbọ́ pé oúnjẹ ń bẹ níbòmíràn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, obìnrin náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pákó mi, ó mú àpò náà dání, ó ti gbẹ. "Ọkọ mi, afẹ́fẹ́ já a bọ́, mo sì ya aṣọ mi fi so ó padà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti lọ. Igi kan sì ti ń pọ́n lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òmíràn." Ohun tó ń jẹ ẹ́ ló ń tọrọ sí i lọ́wọ́ mi. Ayùn ń ké lẹ́yìn mi, ìyẹ̀fun pákó bò wá lára, mo wò ó lójú. Mo ṣí àpótí, mo fún un ní tuntun. Kódà mo ní kó so ó ga díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e dáadáa.

Igi tó gbó ni Àlejò fẹ́ràn jù láti bímọ sí. Kí òjò tó dé, orí gbogbo igbó náà ti pọ́n bí ìpẹtà. Kòkòrò tí n kò fẹ́ kó jẹ igi mi díẹ̀ ti di ọ̀wọ́ ńlá, wọ́n bo igbó àwọn aládùúgbò wa, wọ́n sì ti ń yí padà bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́ kò tó èérún lára ohun tí gbogbo wa pàdánù. Lánàá ni ẹgbẹ́ pàdé. Alága ní obìnrin náà kò bójú tó igbó rẹ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀ náà. Obìnrin náà dìde, ó ní, "Mo lo oògùn. Ọkọ mi ló fún mi. Ẹ bi wọ́n." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní oògùn kì í dá ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò gé igi rẹ̀ lásìkò. Nígbà tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ìdájọ́ náà nawọ́, mo nawọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó máa bú mi ni. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Mo kó ìtìjú bá orúkọ ẹ̀gbọ́n yín." Mo délé, n kò lè jẹ, n kò lè jókòó.

Bí mo ti sọ ọ́ tán nìyẹn, alága ò lè pa ẹnu dé. "O nawọ́," ló ń wí ṣáá. "Ìwọ yìí, o nawọ́!" Mo ní kí wọ́n dá ilẹ̀ obìnrin náà padà, kí wọ́n gba tèmi. Mo ní pákó igi tí mò ń gé yìí, tirẹ̀ ni, àti pé bí gbogbo rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ kí Àlejò tó wọ̀ ọ́, kò ní rí ibi bímọ sí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Alága ní, "Mò ń lọ pe ìpàdé báyìí. Ìdájọ́ àná ti bàjẹ́. Ilẹ̀ ìyàwó wà lọ́wọ́ ìyàwó. Tìẹ ti lọ." Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ìyẹ̀fun pákó níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó forí jì mí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Èmi ni mo so èkejì. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi so ó." Lẹ́yìn náà ló pè mí lóhun tí kò pè mí rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dìde. Ẹ gé e tán."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbin igi, ọjọ́ tí ẹ bá rí kòkòrò nínú igbó yín, ẹ pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gé igi yín, kó tilẹ̀ dùn yín dé eegun. Ẹ má ṣírò ohun tí yóò ná ẹlòmíràn bí ẹni pé kò ná ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí igbó yín bá a lọ, mo bẹ̀ yín. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi bẹ̀ yín ju èyí tí mo gé yìí lọ.

A gé e tán. A bó èèpo gbogbo rẹ̀, a sun èèpo náà, mo sì dúró ti iná náà títí ó fi kú pátápátá. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí páńpẹ́ lé ọwọ́ alága. Mo gbé àáké mi léjìká, mo kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé ó dàbọ̀, mo sì gba ojú títì lọ.