Omijé Tó Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Bọ́lánlé, jókòó. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa jí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n bi ọ́ ná: kí lo mọ̀ nípa èmi àti Suliat? Sọ ọ́, ìwọ ọmọ mi. Ẹ̀n-ẹ́n. Pé a ti jọ ń pọn omi láti ìgbà tí a kò tíì ní eyín iwájú. Ó tọ̀nà. Kí ni mìíràn? Pé ó ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ òun ló ń pọ̀n ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí mo bá wà níwájú kíláàsì. Ó tọ̀nà, máàkì rẹ pé. Ó dáa, èyí tí o kò mọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ ọ lónìí: Suliat dalẹ̀ mi! Suliat tí o kọ́kọ́ yà kí, kí o tó wọ ilé ìyá tó bí ọ, òun ló dalẹ̀ mi!

Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? O ní inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ọ, ó figbe ta, ó da ajọ̀ gàrí sílẹ̀. Kò níí dà á sílẹ̀ kẹ̀? O ò ránṣẹ́, o ò kọ̀wé, o kàn já wọ Ọmù-Àrán bí òjò inú ọyẹ́! Èmi náà ńkọ́, ṣé n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ológbò lórí? Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ìwé ò ṣeé kà fún mi mọ́, èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD. Ìwọ lo ní o máa ka ìwé ìtàn ọ̀rẹ́ méjì kan sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi ní Èkó. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, o ń fi rán dẹ́rẹ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ. Èmi àti Suliat wá jọ ṣàdéhùn: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ẹnì kejì. Ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí mo rà nígbà owó Údójì, nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó. Kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́dọ̀ Suliat, kí èmi nìkan má baà máa dá gbọ́. Ṣé o rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀? Orí tèmi yìí ló ti jáde. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń dè lókùn!

Áà, ìtàn yẹn dùn, Bọ́lánlé! Ẹnítàn àti Àjíkẹ́, ọ̀rẹ́ ọgọ́ta ọdún! Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹyọ àkàrà kan lójú ọ̀nà oko, Suliat ní, "Rúùtù, àwa nìyí." Lọ́jọ́ tí wọ́n jà nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn, mo gbé oúnjẹ mi tì. Iná ò sí, òkúta rédíò ti di ọ̀wọ́n gógó, à ń sá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sóòrùn lórí páànù kó lè jí díẹ̀. Bó bá tún fẹ́ kú, ohùn rẹ á nípọn, á máa fà bíi ti bàbá arúgbó tó ń tòògbé, Àjíkẹ́ á di ọkùnrin mọ́ wa lọ́wọ́! A ò bìkítà. A jókòó tì í bí ère òkúta Èsìẹ́, a ò mira.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì kẹfà. Òkúta kú pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni Wosilat ọmọ rẹ̀ bímọ ní Ganmo, Suliat múra, ó di ibi ìsọmọlórúkọ. Mo ní, "Kásẹ́ẹ̀tì wa ńkọ́?" Ó ní, "Ó wà nínú àpótí mi tí mò ń gbé lọ, Rúùtù, fọkàn balẹ̀." Ganmo o! Ibi tí iná mànàmáná ti ń gba kọjá lọ sílé gbogbo ayé, tí àna rẹ̀ sì ní ẹ̀rọ tó tóbi ju àpótí aṣọ mi lọ!

Ó dé. Ó tilẹ̀ ra òkúta tuntun mẹ́rin bọ̀ wá fún mi. Ẹ̀bùn ni mo pè é, mi ò fura! A jókòó, mo tẹ ẹ̀rọ. Àjíkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé Ẹnítàn lọ lẹ́yìn ọdún méje tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ń rìn. Ó kàn ń rìn ni o! Oòrùn ń ràn, ewúrẹ́ ń kọjá. Mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yíjú, omijé! Mo ní, "Suliat, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún, oòrùn ni àbí ewúrẹ́?" Ó ní eruku ni. Eruku! Nínú pálọ̀ tí mo gbá láàárọ̀, tí mo ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ọyẹ́!

Ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo ti ṣọ́ ìdánwò títí irun mi fi funfun. Ọmọ tó ti rí ìbéèrè lálẹ́ àná, mo mọ̀ ọ́n: ìdáhùn á ti wà lórí ìwé kí tíṣà tó ka ìbéèrè tán. Omijé tó ṣáájú ọ̀rọ̀, ẹ́kísípò ni! Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí Àjíkẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo tẹ ẹ̀rọ pa. Mo ní, "O ti gbọ́ ọ ní Ganmo." Ó wá ní, "Díẹ̀ ni, wàláì." Díẹ̀! Ẹni tó jí ẹran inú ìkòkò, ṣé èyí tó kù ló máa fi ṣe ẹlẹ́rìí?

Mo pè é ní olè ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é bẹ́ẹ̀. Ló bá fa kásẹ́ẹ̀tì yọ, ó wé e mọ́ etí ìró, ó jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá nìyí! Ẹ̀rọ ń bẹ, òkúta ń bẹ, ìtàn ò sí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Àjíkẹ́ ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ọrùn wá ń dun èmi! Ṣé Ẹnítàn máa ṣílẹ̀kùn fún un àbí kò níí ṣí i? Má sọ! Pa ẹnu rẹ dé! Mo mọ̀ pé ìwọ lo kà á. Bí o bá sọ ọ́ fún mi níhìn-ín tí Suliat ò sí níbẹ̀, ṣé èmi náà ò ti di olè ni?

Kí lo wí? O ránṣẹ́ pé ò ń bọ̀? Ta lo rán? Inú kásẹ́ẹ̀tì? Ní ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì kẹfà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, o ní, "Màmá, Ìyá Wosilat, Sátidé tó ṣáájú Kérésì ni mò ń bọ̀, ẹ bá mi fi irú pamọ́"?

Dúró ná. Jẹ́ ká rò ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ojú kejì, á mọ̀ pé ò ń bọ̀ lónìí. Àbí? Ẹni tó bá mọ̀ pé ò ń bọ̀, ṣé á figbe ta, ṣé á da gàrí sílẹ̀? Irú ńkọ́, ṣé ó fún ọ? Kò fún ọ. Suliat tí kì í gbàgbé irú! A jẹ́ pé… a jẹ́ pé kò yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Ní Ganmo, tí iná wà, tí ẹ̀rọ wà, tí èmi ò sí níbẹ̀ láti mú un, ó bá Àjíkẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí ojú kìíní parí sí, ó sì dúró dè mí.

Kí ló wá dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀n? O ní mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Hẹ̀n. Ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ó ṣì jẹ̀bi o! Ojú kìíní náà, ṣebí ìtàn ni! Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fún un. Àádọ́ta. Ó yege, ó kù díẹ̀ kó fìdí rẹmi.

Ó yá, dìde. Ìwọ gbé ẹ̀rọ, èmi á mú òkúta. Ilé Suliat là ń lọ. Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni o, ìtàn ni mo fẹ́ gbọ́. Èmi fúnra mi ni màá kan ilẹ̀kùn. Ohun tí ìwọ máa ṣe nìyí: jókòó sáàárín wa, panu mọ́, má sì jẹ́ kí ojú rẹ sọ nǹkan kan. Bó bá sì ṣe pé kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ni o ti rí omi lójú èmi náà, Bọ́lánlé, eruku ni.