Ọwọ́ Òsì Tí Mo Dì Mú

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tèmi ti lo ọdún mọ́kànlá, òtítọ́ sì ti wá jókòó sétí ibùsùn mi. Ọlọ́run tó dá ẹnu, má jẹ̀ẹ́ kí tèmi pa dé láìjẹ́wọ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti yí mi lẹ́nu, òun nìkan ló sì ń gbọ́ ohun tí mò ń wí.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adájọ́, kò lè rìn láti kékeré. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ máa ń lọ́ mọ́ ọn láhọ́n, àfi etí tó bá ti mọ́ lára ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí rẹ̀ ju tèmi lọ; ẹni tó bá jà ládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbẹ́jọ́ wá, èmi a sì máa túmọ̀ ìdájọ́. Nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, wọ́n ní kí n máa gbẹnu sọ fún un. Mo gba ẹnu náà, mo sọ ọ́ di tèmi.

Ẹgbẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣí ilé kan nítòsí wa. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Wọ́n kọ́ Adájọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ kan dáná, bí a ti ń dá fi àga onítáyà sọdá títì, bí a ti ń sọ tẹnu ẹni láàárín àwùjọ. Nígbà tó di ọdún kan, wọ́n rí yàrá kan fún un tó lè dá gbé. Ó délé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tèmi." Mo ní adájọ́ wo ló ń dá gbé láìní akọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní akọ̀wé òun ti ń dájọ́ ju òun lọ.

N kò ní purọ́ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Ìyìn ni. Bí mo bá ti ń tì í kọjá, wọ́n á ní: abiyamọ tí kò bí i, òpó tó gbé ilé ró. Oríkì yẹn ti di oúnjẹ mi. Bó bá lọ, kí ni wọn ó máa kì mí?

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó fi yàrá náà lé e lọ́wọ́, èmi ló yàn ní agbẹnusọ. Èmi ló yàn o, nínú gbogbo ayé. Obìnrin akọ̀wé ẹgbẹ́, tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ ọ̀rọ̀ Adájọ́, ṣàlàyé òfin wọn: bí agbẹnusọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ọlọ́rọ̀ gbé ọwọ́ sókè, wọn á fagi lé e. Mo sún mọ́ Adájọ́, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú lórí itan. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìfẹ́ wa wu òun.

Ó béèrè ibi tó fẹ́ gbé. Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ dá gbé. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo gbójú sókè. "Ó ní òun kò ní kúrò nílé. Ẹ̀rù ń ba òun."

Ọwọ́ náà ta nínú ọwọ́ mi bí ẹja. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ké, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Ojú èékánná mi wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, èmi kan náà ni mo sì ń fi ìpara ra á.

Láti ọjọ́ náà, Adájọ́ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó kọjú sí ògiri. Ẹni tí a gba ẹnu rẹ̀, kí ni yóò tún fi sọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń tọ́jú èèyàn, ibi tó bá ní kí ẹ ti òun dé ni kí ẹ tì í dé. Adájọ́, dákun, forí jì mí.

Ọmọ mi ti ka gbogbo èyí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó sì bi í bí ibì kan bá wà tí mo ṣi sọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Kò gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Ọmọ mi yíjú sí mi pé kí n túmọ̀. Mo kọ̀, mo ní kó tún bi í. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbí: "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"