Ohun Tí Ìyá Aránṣọ Kò Sọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹrù yìí kalẹ̀, ọrùn ti ń ro mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí òtítọ́ fi ká mi mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, nínú wọ́ọ̀dù tí èmi fúnra mi ti ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni mí. Nínú fáìlì wa, àyè kan wà tí a ti ń kọ ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: aláìsàn ní òun sùn dáadáa, aláìsàn ní inú rírun náà ti dẹwọ́. Ó yẹ kéèyàn bèèrè kó tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí bẹ́ẹ̀dì bá kún, tí ọwọ́ ò sì tó, a máa ń kọ ọ́ kí aláìsàn tó lajú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tó ń hanrun lọ́wọ́ rí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ti Ìyá Aránṣọ kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Obìnrin náà lẹ́nu, ó sì lójú àánú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, ó di etí aṣọ iṣẹ́ mi mú, ó ní, "Ta ló rán èyí fún ẹ? Ẹni náà ò fẹ́ràn ẹ." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti nọ́ọ̀sì ẹnìkejì mi jókòó, à ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja lẹ́nu géètì, oògùn ìyá yìí sì fò mí. Òun fúnra rẹ̀ pè mí: "Nọ́ọ̀sì, oògùn mi dà?" Mo ní, "Mo ń bọ̀, Màmá." Mi ò lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dákú.

Dókítà sáré wọlé, ó ní, "Ṣé ó lo oògùn ọ̀sán?" Ẹnìkejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò oògùn. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìwé: aláìsàn ní òun ò lo oògùn mọ́, ó ti sú òun. Ẹ wo ìkà! Mo parọ́ mọ́ ọn tán, mo tún bá a wá ìdí sí i.

Ọlọ́run ò jẹ́ kó kú. Nígbà tó jí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbọ́ ohun tó wà nínú fáìlì. Ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?" Ìyá náà ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ṣebí mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ?" Ibí yìí ni mo ti burú jù. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo rọ ohùn mi, mo ní, "Màmá, ẹ ò rántí ni."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá náà pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ó sì kó ìyá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti lo oògùn, wọ́n á ní, "Ẹ lanu, Màmá. Ẹ gbé ahọ́n sókè." Bó bá wá sílé ìwòsàn, dókítà yòówù tó bá ṣí fáìlì, ìbáwí ni yóò fi kí i. Mo ń wò ó. Mo ń kí i pé ẹ kú àbọ̀.

Ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni ojú mi tó là. Mi ò fojú kan oorun mọ́jú, ìrora ni mo fi ṣe ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ dúró síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń kọ̀wé, kò wo ojú mi. Mo ní kó fún mi kí n wò ó. "Aláìsàn ní òun sùn dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín títí ojú ọgbẹ́ fi ń dùn mí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mo ní kí wọ́n bá mi pe dókítà, kí wọ́n sì bá mi pe ọmọ Ìyá Aránṣọ, kó mú ìyá rẹ̀ wá.

Mo sọ ọ́ fún wọn, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ìyá náà gbà á, àmọ́ èmi ló ń wò.

"Mo ti rò pé orí mi ló ń dàrú," ló wí. "Ẹ̀rù ara mi ti ń bà mí. Ṣé ọpọlọ mi pé nígbà náà?"

"Ó pé, Màmá. Èmi ni mo purọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo dárí jì ẹ́. O ṣeun tó o ò jẹ́ kí n kú sínú irọ́ náà." Dókítà kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́: mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mo bèèrè oògùn mi. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀gá bá fi mí ṣe, mo ti gbà. Ara mi fúyẹ́, mi ò lè parọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ bi aláìsàn léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti ń lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oògùn mi dé. Mo gbé e mì. Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Lanu," ló wí. "Gbé ahọ́n sókè."

Mo lanu, mo gbé ahọ́n sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó lò ó," ló wí fún nọ́ọ̀sì. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i."