Ẹja Odò Tí Mo Dà Sínú Adágún Ìjọba

Múyìwá, ìwọ tí wọ́n fi iṣẹ́ mi lé lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Ò ń bínú sí àwọn ará Ọ̀wọ̀rọ̀ pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja sísìn sétí. Èmi Joseph ni kí o bínú sí.

Lọ́dún 1957, ìjọba ní kí n gbẹ́ adágún kan ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀ nítòsí Lọ́kọ́ja, kí n sin ẹja èpìyà sínú rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè fi í kọ́ṣẹ́. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Mo mọ̀, ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n wá ibòmíràn. Omi ń wọlẹ̀ lọ, ẹja ń kú, èmi sì ń kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Nígbà tó ní òun ń bọ̀ wá wo bí a ó ṣe kó ẹja, mo sáré lọ ra èpìyà láàyè lọ́wọ́ Jímọ̀ apẹja. Ní ìdájí ọjọ́ náà, a dà wọ́n sínú ìwọ̀nba omi tó kù. Jímọ̀ ní, "Akọ̀wé, ẹja mi ti di òṣìṣẹ́ ìjọba." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ojú ò tì mí.

Nígbà tí àwọ̀n gòkè, tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, opó kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. "Ọ̀kún o, ọ̀gá. Àkùrọ̀ ìrẹsì kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá gbẹ́ ẹ, ṣé ẹja á dàgbà níbẹ̀?" Mo ti yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò rí. Amọ̀ fẹ́lẹ́ ló wà lókè tó ń gba omi dúró fún ìrẹsì, iyanrìn ló kún ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á bi mí bí ẹja tèmi ṣe yè nínú iyanrìn. Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ẹ. Omi wọlẹ̀ lọ, ẹja kú, ìrẹsì ò sì lè hù níbẹ̀ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ọ̀gá mi wá béèrè ìdí rẹ̀, mo dìde lójú gbogbo abúlé, mo ní Àyọ̀ká ni kò fún ẹja lóúnjẹ. Àyọ̀ká dorí kodò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbọ́ pé ara mi ò yá, ó gbé èlùbọ́ wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Ọdún mẹ́sàn-án ló ti gbà pé ẹ̀bi òun ni. Mo jẹ àmàlà tí wọ́n fi èlùbọ́ náà ṣe, mi ò sọ òótọ́ fún un.

Ẹja sísìn ṣì máa gbilẹ̀ lágbègbè yìí, nítorí ilẹ̀ amọ̀ gidi wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kí o tó gbẹ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ka ìwé yìí sí Àyọ̀ká létí níbi tí mo ti dójú tì í, kí gbogbo abúlé gbọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dárí jì mí, má bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.