Máṣíìnì Ìránṣọ Ló Kọ́ Ẹsẹ̀ Mi Ní Ìlù

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Kẹ́mi, fi àga yẹn sílẹ̀, wá jókòó sórí ẹní níbí kí n máa rí ojú ẹ. Ẹ bá mi pa fáànù yẹn, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi. Ẹ̀hẹ́n.

Kẹ́mi ní òun fẹ́ kọ́ ìlù. Bàbá ẹ̀ ní obìnrin kì í lùlù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí mo bí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Kò mọ̀ pé ìlù ni ìyá òun fi da àdúgbò láàmú, kí òun tó wá fi ẹkún dà á láàmú.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, Múṣín là ń gbé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ò tíì sí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ariwo wà. Ariwo ò wọ́n ní Múṣín rí. Mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí, ibi tí wọ́n ti ń fi òòlù na ara mọ́tò tó bá tẹ̀ wọnú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Gbà, gbà, gbà, láti àárọ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ la ń lò... ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ọwọ́ á máa ti aṣọ lọ lókè. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ bi ọwọ́ pé kí ló ń ṣe. Kálukú á máa ṣe tiẹ̀.

Ọkùnrin tó ń na ara mọ́tò yẹn, Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì lorúkọ ẹ̀. Òun náà ló ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni, a kì í wọ bàtà wọ inú ẹ̀. Ìlù jáàsì ni ìlù náà: ọ̀kan ńlá wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń lù, àwọn kéékèèké wà tí ọ̀pá ń lù, àti àwo idẹ kan tó máa ń ké ṣáà. Tiwa kọ́ ni o. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Ìjọra, tó bí tiwa, àwọn ló yá wa. "Ẹ ṣì máa lò ó ná." Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣì máa lò ó ná, ṣé ẹ mọ̀ pé ojú ẹ̀ ò kúrò lára nǹkan ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì gbé ṣòkòtò tó ya wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹsẹ̀ ẹ?"

Mo ní, "Máṣíìnì ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Àwọn ọkùnrin tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọwọ́ wọn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á dúró, á máa wòran. Wá bá mi ní Sátidé."

Àǹtí Bísí gbójú sókè. "Dáníẹ̀lì, ṣòkòtò lo gbé wá. Ọmọ iṣẹ́ mi ò ya."

Ṣùgbọ́n mo lọ. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ rò pé ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìlù? Rárá o. Agolo kẹrosíìnì ló dojú ẹ̀ dé, ó ní kí n jókòó lé e. Ó gbé ìrọ̀rí síwájú mi, ó fún mi ní ọ̀pá méjì. "Jẹ́ kí ìrọ̀rí kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èèyàn ṣì ń bọ̀ wá gbọ́ ọ." Mo na ìrọ̀rí yẹn títí òwú fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Tó bá tó, Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì á fi òòlù kan irin lẹ́ẹ̀kan, kàn! Màá dúró. Tó bá tún yá, màá bẹ̀rẹ̀. Kàn! Màá dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rò ó síwájú nínú àwa méjèèjì.

Ọwọ́ òsì mi wá ń ya ọ̀lẹ. Ó ní kí n máa fi òsì ṣe gbogbo nǹkan títí yóò fi le. Mo fi òsì gbálẹ̀, mo fi òsì pọnmi, mo fi òsì rokà. Ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Bàbá mi ní kí n bu omi wá fún òun... mo sáré bù ú, mo kúnlẹ̀, mo sì na ife sí wọn. Òsì ni.

Bàbá mi wo ife. Wọ́n wo èmi. Wọn ò gbà á.

"Ta ló kú tó fi ọwọ́ ọ̀tún ẹ lọ?"

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá mi, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì, ìyẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní, "Ìdílé wa kì í ṣe Àyàn. Àwọn ọkùnrin wa ò lù ú rí. Ṣé lórí obìnrin la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò ṣeé fi ránṣọ nìkan." Bàbá ò dáhùn. Nílé wa, bí Bàbá ò bá dáhùn, èèyàn á fọgbọ́n ṣe é lọ. Bí mo ṣe kúrò lórí ìrọ̀rí nìyẹn, tí mo bọ́ sídìí ìlù gan-an.

Ìròyìn dé Ìjọra. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ti jókòó sídìí ìlù àwọn ní Múṣín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá wa ṣe àìsùn ìkórè, àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Bí kò bá dáa, àwọn á gbé ìlù àwọn lọ. Ìgbà yẹn ni Bàbá mi wá sọ̀rọ̀. "Lù ú. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá já mọ́ ẹ lọ́wọ́ níwájú àlejò, o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé ẹ." Kí ìlù já ni pé kí ẹnu ṣì wà lórí orin, kí ìlù wá dákẹ́. Ìtìjú ńlá ni.

Àwọn àlejò dé. Bàbá Àgbà kan ló ṣáájú wọn, gíga ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òòlù àti irin wà lórí itan ẹ̀. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Tó bá tó, màá kàn án." Mo bẹ̀rẹ̀.

Háà, ó dùn! Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn. Ẹsẹ̀ ń ṣe tiẹ̀, ọwọ́ ń ṣe tiẹ̀, òsì ń dá ọ̀tún lóhùn. Àwọn àlejò dìde, wọ́n ń jó. Bàbá Àgbà náà dìde. Mo ní ó ti tó báyìí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì ti sùn.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ń na ara mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ariwo ló máa jí i? Ariwo ló ń fi sùn. Ìdákẹ́ nìkan ló lè jí i, ìdákẹ́ gan-an ni mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀, òòlù ẹ̀ ló ń bá mi ṣe é.

Kẹ́mi, o ní kí n kàn gbọ́wọ́ sókè ni? Kí ìlù já? Kí Bàbá mi ṣe ohun tí wọ́n wí?

Mo bá ń lù ú. Akọrin rí i pé ìlù ò dúró, ó tún dá orin mìíràn. Àlejò gbọ́ orin mìíràn, wọ́n tún jó. Ṣé àlejò lè jókòó nígbà tí onílé ṣì ń lùlù fún un? Àbùkù ni! Ṣé onílé lè dá orin dúró nígbà tí àlejò ṣì ń jó? Ìyẹn náà àbùkù ni! Àwa ń retí kí wọ́n jókòó, wọ́n ń retí kí ìlù dákẹ́, èmi ń retí òòlù. Ìwà ọmọlúàbí pọ̀ lójoojúmọ́ ayé ìgbà yẹn, àmọ́ tọjọ́ yẹn pọ̀jù. Ẹ̀yin òní, ẹ máa ń tẹ nǹkan lórí fóònù, ìlù á máa lu ara ẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín.

Àkùkọ kọ. Ojú fèrèsé ń funfun. Bàbá Àgbà jó wá síwájú mi pẹ̀lú òógùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìlù.

Kẹ́kẹ́ pa.

Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì ta jí. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó gbé òòlù, ó kàn án. Kàn!

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ gbogbo wa. Àwọn àlejò jáde lọ wá bàtà wọn. Bàtà ò gba ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà mọ́, wọ́n bá gbé e dání. Bùrọ̀dá Dáníẹ̀lì sáré tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, ìlù yín ńkọ́?"

Bàbá Àgbà gbé bàtà wọn sínú mọ́tò. "Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe 'ná' mọ́. Ṣùgbọ́n Dáníẹ̀lì, a bẹ̀ ọ́, kọ́ ọmọ yìí ní bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Mo ṣì jókòó sídìí ìlù, mi ò lè dìde. Bàbá mi fúnra wọn bu omi wá fún mi. Mo ní kí n na ọ̀tún, ọ̀tún kọ̀, ó ti kú tọwọ́ tapá. Òsì ló jáde.

Bàbá mi wo ọwọ́ náà. Wọ́n wo èmi. Wọ́n gbé ife lé e.

Lóde, mọ́tò àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra lọ.