Ọnà Agbádá Tó Bọ́ Sápá Ọ̀tún

Ẹ bá mi yin Ọba tó mọ orúkọ mi ní Kùmásí, tó tún mọ̀ ọ́n ní Ìgàndò! Ẹ má jẹ́ kó ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o!

Èmi Ìyá Kójó tí oorun máa ń gbé lọ nígbà ìwàásù nìyí. Nígbà tí wọ́n lé wa ní Gáná, àwa obìnrin mẹ́fà la sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tọmọtọmọ. A di ogunléndé nílẹ̀ baba wa. Ìyá Ìjọ ló kó wa jọ sábẹ́ máńgò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ́ wa ní iṣẹ́ télọ̀ àti ọnà abẹ́rẹ́. Tí mo bá ń fa òwú yẹn, bí ẹni ń lálàá ni mo máa ń rí.

Owó epo dé, gbogbo ayé ń dá agbádá. Ọ̀gá kan láti Ìpájà gbé sányán tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Ìyá Ìjọ ní, “Ìyá Kójó, ìwọ lọwọ́ ẹ mọ́ jù. Tó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbéṣẹ́ fún yín mọ́ o.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ wò. Ọnà tó yẹ kó wà lápá òsì, ọ̀tún ló wà! Ṣé ẹ rí i, Ìyá Ìjọ máa ń gbé aṣọ lé àyà fi hàn wá, àwa á kọjú sí wọn. Ibi tí mo ti rí i náà ni mo sàmì sí láyà tèmi.

Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Mo ní, “Bàbá, má jẹ́ kí wọ́n tún lé wa.” Mo sunkún títí oorun fi gbé mi. Mo rí obìnrin kan létí omi, ó ń fọ aṣọ, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

Mo ta jí, mo yí sányán padà. Yéè! Sányán ò ní òdì, bí inú ẹ̀ ṣe rí ni ẹ̀yìn ẹ̀ rí! Mo ti fi gbogbo kókó òwú pamọ́, a ò sì tíì rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ọ̀tún di òsì lójú mi!

A rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀, ọ̀gá wọ̀ ọ́. Ó ní, “Ọkùnrin wo ló ṣe èyí?” Ìyá Ìjọ nawọ́ sí mi. Agbádá mẹ́rin míì ló tún gbé wá.

Ẹ̀yin márùn-ún tó kù, ẹ dìde jàre. A fi ilé sílẹ̀ ní Gáná, a fi ọjà sílẹ̀, ọwọ́ yìí nìkan la mú bọ̀. Ẹ nà án sókè kí ìjọ rí i! Ẹ bá wa jó!