Ọmọ Tí A Gbààwẹ̀ Fún Kó Lè Sọ̀rọ̀

Lásìkò tí ìrẹsì wọ́n bí ojú, nínú ọkọ̀ tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìgbàjà, mo gbọ́ tí abiyamọ kan ń bá ìyá àgbà tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

“Màmá, ọmọ yìí pé ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wa ló bá mi gbààwẹ̀.”

“Ṣé ó ti wá ń sọ ọ́?”

“Hẹn! Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ bá wa nídìí oúnjẹ, ni ọmọ yìí bá pariwo pé, ‘Màmá, pásítọ̀ tí ẹ ní wọ́n máa ń gbóòórùn ìrẹsì ti dé o!’”

“Yéè! Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí á yin Olúwa, ọ̀rọ̀ ọmọ já gaara. Wọ́n sì jẹun. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi pé, ‘Ọ̀rẹ́ mi, kí ni màmá rẹ sọ nípa mi lónìí?’”